Ẹnu Ta Ni Ẹjọ́ Ń Parí Sí? Ìtàn Òfin Ìdájọ́ Onílàjà ní Nàìjíríà

Ìlàjà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti fi ara rẹ̀ hàn, ni kí ẹlòmíràn bọ́ sáàárín àwọn tó ń jà, kí ó sì là wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí kó ọ̀nà méjì pọ̀, àwọn onímọ̀ òfin sì ti pààlà sáàárín wọn. Èkíní ni ìpẹ̀tù-sáàwọ̀, níbi tí alárinà ti ń bẹ tọ̀tún tòsì títí wọn yóò fi gbà láàárín ara wọn, láìní agbára láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Èkejì ni ìdájọ́ onílàjà, níbi tí àwọn méjì tó ń ṣe awuyewuye ti fínnú-fíndọ̀ yan ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ wọn, tí wọ́n sì ti ṣèlérí ṣáájú pé ohunkóhun tí ó bá sọ ni abẹ gé. Ohun tí irú onílàjà bẹ́ẹ̀ bá sọ ni àwọn amòfin yà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpinnu, kí ó má baà dàpọ̀ mọ́ ìdájọ́ tí adájọ́ ìjọba ń gbé kalẹ̀. Láti ọdún 1914, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ ní òfin lórí ọ̀nà kejì yìí, títí di ọdún 2023, tí òfin tó wà lóde báyìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìbéèrè kan náà ni òfin kọ̀ọ̀kan ń gbìyànjú láti dáhùn: ṣé inú àdéhùn àwọn tó yàn án ni agbára onílàjà ti ń jáde, àbí ọwọ́ ilé-ẹjọ́ tó yọ̀ǹda fún un?

Àwọn ará ilẹ̀ yìí ti mọ ìlàjà tipẹ́tipẹ́ kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó fi òfin gbé e kalẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí àtẹ̀gùn ni ètò ìparí ìjà rí: aáwọ̀ tó bẹ́ sílẹ̀ nínú agbo ilé, ọ̀dọ̀ baálé ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé e lọ, bí apá baálé kò bá ká a, ó di ọ̀dọ̀ ìjòyè àdúgbò, láti ibẹ̀ ó lè dé ààfin, nígbà tí ọ̀ràn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ta sílẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn Ògbóni. Ọ̀rọ̀ òwò ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, nítorí láàárín àwọn Ẹ̀gbá, àwọn Pàràkòyí, ìyẹn àwọn olóyè tó ń mójú tó ètò ọjà àti ìṣòwò, ni ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ń tọ̀ lọ. Gbogbo ìpele wọ̀nyí kọ́ ló jẹ́ ìlàjà ní ìtumọ̀ tí òfin fún un. Ẹni tí ọba bá ránṣẹ́ pè kò lè sọ pé òun kò lọ, nítorí náà ìdájọ́ ààfin jẹ́ ìdájọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò méjì tó gbé ọ̀rọ̀ gbèsè wọn tọ àgbà kan lọ, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn débẹ̀, ohun tó sì fún àgbà náà ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ ni pé àwọn méjèèjì gbà pé kí ó sọ̀rọ̀. Ìlànà kan tó lágbára jù nínú ìgbẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ni pé àgbà kò gbọdọ̀ gbọ́ tẹnu ẹnìkan kó dájọ́, nítorí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ìlànà yìí gan-an ni àwọn ilé-ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì fi ń wọn onílàjà tiwọn náà wò.

Òwe kan tí àwọn agbẹjọ́rò Yorùbá kì í yé lò nígbà tí wọ́n bá ń polongo ìlàjà ni pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ àyálò tó wà nínú òwe náà tó àkíyèsí, nítorí ó fi hàn pé, ó kéré tán ní ìrísí tí wọ́n ń pa á lónìí, ẹ̀yìn ìgbà tí ilé-ẹjọ́ òyìnbó ti dé ni. Àwọn tó pa á ti rí irú ẹjọ́ tuntun kan, èyí tí ẹnìkan ń jàre pátápátá tí ẹnìkejì sì ń jẹ̀bi pátápátá, wọ́n sì fi í wé ohun tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ibi kan tí ìlàjà ilẹ̀ adúláwọ̀ àti ti òyìnbó ti pàdé lọ́nà tó ní àkọsílẹ̀ ni etíkun Niger Delta. Òwò epo pupa ló mú àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì débẹ̀, àwìn sì ni wọ́n fi ń ṣe é: oníṣòwò òyìnbó á kó ọjà fún alágbàtà ní Bonny tàbí Calabar, alágbàtà á wọ odò lọ sí òkè láti fi í ra epo, ó sì lè pẹ́ kí ó tó padà. Irú òwò bẹ́ẹ̀ kò lè ṣaláìbí ìjà gbèsè. Nígbà tí ó di ọdún 1854, wọ́n dá ilé-ẹjọ́ oníṣòwò kan sílẹ̀ ní Bonny, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Court of Equity, níbi tí àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ òyìnbó àti àwọn gbajúmọ̀ oníṣòwò ìbílẹ̀ jọ ń jókòó, irú rẹ̀ sì tàn kálẹ̀ dé àwọn èbúté mìíràn. Fún ọdún púpọ̀ kò sí òfin kankan tó gbé e ró. Ohun tó ń mú kí ènìyàn tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá kọ̀ kò ní rí ẹni bá ṣòwò mọ́. Ní ọdún 1872 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó fún irú ilé-ẹjọ́ yìí ní àtìlẹ́yìn òfin, láti ìgbà náà ni ọwọ́ kọ́ńsù, ìyẹn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, sì ti ń lágbára sí i lórí wọn. Àpẹẹrẹ yìí ṣe kókó, nítorí pé ní ìwọ̀nba ọdún tó ṣáájú 1872, àdéhùn àti ojú tí ọjà ń wo ènìyàn nìkan ni agbára onílàjà dúró lé.

Ní ìlú Èkó, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ gbà. Lẹ́yìn tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, wọ́n kó òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ ìlú náà pẹ̀lú àwọn ilé-ẹjọ́ rẹ̀, èrò àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì nípa ìlàjà sì bá a wọlé. Ojú tí wọ́n fi ń wo onílàjà nígbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé àwọn ènìyàn kò lè fi àdéhùn láàárín ara wọn lé ilé-ẹjọ́ ọba kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1889, Ilé Aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì kó ìlànà ìlàjà jọ sínú òfin kan ṣoṣo tó gba àdéhùn láàyè, ṣùgbọ́n tó fi okùn rẹ̀ sí ọwọ́ adájọ́.

Òfin yẹn ni Nàìjíríà jogún. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1914 ni Frederick Lugard pa Àríwá àti Gúúsù pọ̀. Ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú ọdún náà, 31 oṣù Kejìlá, ni òfin ìlàjà àkọ́kọ́ fún orílẹ̀-èdè tuntun yìí, ìyẹn Arbitration Ordinance, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1889 yóò rí i pé ọmọ tó jọ ìyá rẹ̀ délẹ̀ ni. Ó sọ pé ẹni tó ti fọwọ́ sí àdéhùn ìlàjà kò lè yẹ̀ ẹ́ àfi tí ilé-ẹjọ́ bá gbà fún un, èyí tó túmọ̀ sí pé ọwọ́ adájọ́ ni kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn àbájáde wà. Ó gba adájọ́ láàyè láti dá ẹjọ́ tí ẹnìkan pè dúró kí wọ́n lè lọ sọ́dọ̀ onílàjà, àmọ́ ó fi í sí ìfẹ́ inú adájọ́ náà. Bí kókó òfin kan bá rú onílàjà lójú, ó lè kọ ọ́ sílẹ̀ kó fi ránṣẹ́ sí ilé-ẹjọ́ fún ìtọ́sọ́nà, ilé-ẹjọ́ pẹ̀lú sì lè pàṣẹ pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, bí onílàjà bá hu ìwà àìtọ́, adájọ́ lè yọ ọ́ nípò tàbí kó wọ́gi lé ìpinnu rẹ̀, láìjẹ́ pé òfin náà sọ ohun tí ìwà àìtọ́ jẹ́ gan-an. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ nípa ìpinnu tí wọ́n bá ṣe ní ilẹ̀ òkèèrè, bẹ́ẹ̀ ni kò mẹ́nu ba baálé, Pàràkòyí tàbí àgbà ọjà rárá. Ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ di ọ̀rọ̀ tí ìjọba ń fi òfin mìíràn, òfin àwọn ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀, tò.

Ohun tó yani lẹ́nu nínú ìtàn òfin 1914 ni bí ó ti pẹ́ tó. Ó wọ inú àkójọ òfin ti 1958 gẹ́gẹ́ bí Orí 13. Nígbà tí ètò ìjọba àpapọ̀ sì pín agbára fún àwọn ẹkùn, wọ́n ń tún un kọ gẹ́gẹ́ bí òfin tiwọn láìyí nǹkan pàtàkì kan padà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n yá Nàìjíríà ní òfin náà tún tiwọn ṣe ní 1934, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 1950, wọ́n sì tún dín agbára adájọ́ kù ní 1979, nígbà tí ẹni tó yá aṣọ lọ́wọ́ wọn ṣì wọ aṣọ 1889 kiri. Ọdún 73 àti oṣù díẹ̀ ni òfin náà lò kí ó tó kógbá sílé.

Ohun tó kọ́kọ́ mi ìpìlẹ̀ rẹ̀ wá láti òkèèrè. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé tó dá ibùdó ICSID sílẹ̀ lábẹ́ Báńkì Àgbáyé, ibi tí olùdókòwò láti ilẹ̀ mìíràn ti lè bá orílẹ̀-èdè rojọ́ níwájú onílàjà, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1965, nígbà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣì ń rò ó. Ìjọba ológun sọ ọ́ di òfin abẹ́lé ní 1967. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1970, Nàìjíríà tún wọ inú Àdéhùn New York ti 1958, èyí tó sọ ọ́ di dandan fún ilé-ẹjọ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀ láti mú ìpinnu onílàjà tó wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn ṣẹ, àyàfi fún ìwọ̀nba ìdí tí àdéhùn náà kà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn àgbáyé kì í di òfin ní Nàìjíríà títí ìjọba yóò fi ṣe òfin tó gbà á wọlé, ọdún 18 ni Àdéhùn New York sì lò lẹ́yìn odi.

Láàárín ọdún 18 yẹn ni ọ̀ràn sìmẹ́ńtì ṣẹlẹ̀. Ní 1974 àti 1975, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé bí omi, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba, Iléeṣẹ́ Ààbò ló ṣáájú, ṣe àdéhùn láti ra sìmẹ́ńtì tó tó mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù, tí ó ju agbára èbúté Èkó lọ fíìfíì. Ọkọ̀ òkun tò sójú omi fún ọ̀pọ̀ oṣù, sìmẹ́ńtì ń gan nínú wọn, owó ìdúró ọkọ̀ sì ń gorí ara wọn. Nígbà tí ìjọba tó gba ipò lọ́wọ́ Yakubu Gowon ní oṣù Keje ọdún 1975 gbìyànjú láti dá àwọn àdéhùn náà dúró, àwọn tó fẹ́ tà gbé ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́ àti iwájú onílàjà ní Yúróòpù. Ọ̀kan lára wọn, Ipitrade International, gbé tirẹ̀ lọ sí Paris gẹ́gẹ́ bí ìwé àdéhùn ti wí. Nàìjíríà kò yọjú, ó ní orílẹ̀-èdè olómìnira ni òun. Wọ́n dá a lẹ́bi ní 1978 pé kó san ju mílíọ̀nù 8 dọ́là lọ, ilé-ẹjọ́ kan ní Washington sì fọwọ́ sí ìpinnu náà nínú ọdún yẹn kan náà. Àìyọjú sí ìgbẹ́jọ́ kò gba ẹnikẹ́ni là níbẹ̀. Ó ṣòro láti ka ẹjọ́ yìí kí ènìyàn má rí i pé orílẹ̀-èdè tí ìpinnu onílàjà ń lé kiri àgbáyé kò tíì sọ Àdéhùn New York di òfin nílé.

Àtúnṣe dé ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 1988, pẹ̀lú Dìkíríì 11 ti ọdún náà, tí ìjọba ológun Ibrahim Babangida gbé jáde. Ẹni tó wà nípò Agbẹjọ́rò Àgbà nígbà náà ni Ọmọọba Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Òwu ní Abẹ́òkúta, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ onílàjà tí wọ́n mọ̀ káàkiri, tó sì di adájọ́ ní Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague lẹ́yìn náà. Àkókò tí dìkíríì náà dé kì í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀ lásán, nítorí owó epo ti já wálẹ̀, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí wọ́n ń pè ní SAP ti bẹ̀rẹ̀ ní 1986, ìjọba sì ń wá àwọn olùdókòwò ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ wọn kí wọ́n tó kówó sílẹ̀. Dípò kí wọ́n tún lọ yá òfin lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó kọ dìkíríì náà mú òfin àwòṣe tí UNCITRAL, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí òfin òwò, ṣe ní 1985, Nàìjíríà sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí wọ́n lò ó. Wọ́n so Àdéhùn New York mọ́ ọn lẹ́yìn, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ di òfin nílé nígbẹ̀yìn. Abala 34 sọ ọ́ gbangba pé ilé-ẹjọ́ kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ tó wà níwájú onílàjà àfi ibi tí òfin náà bá ti fún un láàyè. Fún ìgbà àkọ́kọ́, òfin ilẹ̀ gbà pé àdéhùn ni gbòǹgbò agbára onílàjà, àti pé olùrànlọ́wọ́ lásán ni adájọ́.

Síbẹ̀, ogún 1889 kò kúrò tán. Abala 30 dìkíríì náà dá ìwà àìtọ́ onílàjà padà sínú òfin, ohun tí kò sí nínú àwòṣe UNCITRAL, kò sì tún sọ ohun tí ó jẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ìpinnu kò bá tẹ́ lọ́rùn lè wá àṣìṣe kékeré kan, kó pè é ní ìwà àìtọ́, kó sì gbé gbogbo ẹjọ́ lọ síwájú adájọ́ ní àkọ̀tun. Láti Ilé-ẹjọ́ Gíga dé ti Kòtẹ́milọ́rùn, láti ibẹ̀ dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ohun tí onílàjà parí láàárín ọdún kan tàbí méjì lè lo ogún ọdún lórí àtẹ̀gùn.

Ìṣòro kejì wá láti ibi tí ọ̀pọ̀ kò fọkàn sí, ìyẹn gbèǹdéke àkókò ìpẹ̀jọ́. Òfin sọ pé ẹni tí wọ́n bá da àdéhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ pẹjọ́ láàárín ọdún mẹ́fà. Ìbéèrè tó wáyé ni ìgbà tí ọdún mẹ́fà yẹn bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kí ilé-ẹjọ́ mú ìpinnu onílàjà ṣẹ: ṣé ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìpinnu ni, àbí ọjọ́ tí ìjà náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀? Nínú ẹjọ́ City Engineering àti Federal Housing Authority, ìgbẹ́jọ́ níwájú onílàjà nìkan gba nǹkan bí ọdún márùn-ún. Nígbà tí ẹni tó jàre wá gbé ìpinnu lọ sí ilé-ẹjọ́, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ní 1997, bí ó ti sọ nínú ẹjọ́ Murmansk àti Kano Oil Millers ní 1974, pé ọjọ́ tí wọ́n da àdéhùn ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà àkókò ti kọjá. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ẹni tó fi sùúrù jókòó níwájú onílàjà ń jẹ nínú àkókò tirẹ̀, nígbà tí ẹni tó jẹ̀bi sì ń rí èrè nínú ìfàfalẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹ̀tọ́ láti pẹjọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ títí ìpinnu yóò fi jáde, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí lọ́yà fi ń tún òfin ṣe kò lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo oníṣòwò.

Nínú ọdún tí dìkíríì yìí jáde gan-an ni ìlàjà àwọn àgbà bọ́ sínú ewu. Ní ẹjọ́ Okpuruwa àti Okpokam, ní 1988, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn gbé ìbéèrè náà yẹ̀ wò bóyá ìpinnu àwọn àgbà ìlú lè di ẹni tó gbé ẹjọ́ tọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Adájọ́ Uwaifo sọ pé òun kò mọ àwùjọ kan ní Nàìjíríà tí irú ìlàjà bẹ́ẹ̀ jẹ́ apá kan àṣà àti òfin ìbílẹ̀ wọn. Adájọ́ Oguntade kò gbà fún un, ó ní kí òyìnbó tó dé ni àwọn ènìyàn ti ń gbé ẹjọ́ wọn tọ àwọn àgbà lọ ní ọ̀nà tó rọrùn tí kò sì náni lówó. Ọ̀rọ̀ Adájọ́ Uwaifo yóò ya ẹnikẹ́ni tó ti jókòó nínú ìpàdé ẹbí rí lẹ́nu. Ìdààmú tó wà nídìí rẹ̀ sì ni pé ìwé òfin ilẹ̀ ti fi agbára ìdájọ́ lé àwọn ilé-ẹjọ́ ìjọba lọ́wọ́, bí ẹni pé ìjọba ló ni gbogbo ìdájọ́.

Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ yanjú ọ̀rọ̀ náà ní 1991, nínú ẹjọ́ ilẹ̀ kan láàárín Agu àti Ikewibe. Adájọ́ Karibi-Whyte, tó kọ ìdájọ́ àgbà, sọ pé òfin ìbílẹ̀ wà lára àwọn òfin tí ìwé òfin ilẹ̀ ti 1979 bá lóde tó sì gbà wọ́n wọlé, nítorí náà ìlàjà ìbílẹ̀ wà lábẹ́ òfin. Àwọn ohun tí àwọn ilé-ẹjọ́ wá ń béèrè láti ìgbà náà ni pé kí àwọn méjèèjì ti fínnú-fíndọ̀ gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ níwájú àwọn onílàjà, kí wọ́n ti gbà, ní ẹnu tàbí nínú ìṣe, pé ìpinnu wọn yóò jẹ́ òpin, kí ìgbẹ́jọ́ náà bá àṣà wọn tàbí ti òwò wọn mu, kí àwọn onílàjà sì ti sọ ìpinnu jáde, kí àwọn méjèèjì sì ti gbà á nígbà náà. Ohun tó kẹ́yìn yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀, nítorí pé bí ẹni tó pàdánù bá lè sọ lójú ẹsẹ̀ pé òun kò gbà, ṣé ìpinnu ni èyí tàbí ìmọ̀ràn? Síbẹ̀, gbòǹgbò tí ilé-ẹjọ́ rí fún agbára àgbà, ìyẹn àdéhùn, kò yàtọ̀ sí èyí tí dìkíríì 1988 fún onílàjà tó wọ kóòtù àti táì.

Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní 1999, Èkó di ibi tí àtúnṣe ti ń yára jù. Ní 2002, wọ́n ṣí Lagos Multi-Door Courthouse, ilé-ẹjọ́ tó ní ju ẹnu ọ̀nà kan lọ, níbi tí wọ́n ti lè darí ẹjọ́ sí ọ̀dọ̀ alárinà tàbí onílàjà. Ní 2005, Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀, Olóyè Báyọ̀ Òjó, gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Ọlákúnlé Orójo láti tún òfin ìlàjà ṣe. Ìgbìmọ̀ náà kọ àbá fún ìjọba àpapọ̀ àti èyí tí àwọn ìpínlẹ̀ lè lò. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ìlàjà tirẹ̀ ní 2009. Ti ìjọba àpapọ̀ wọnú àpò, ó sì sùn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Láàárín àkókò yìí, àwọn ẹjọ́ ńlá ń fi ibi tí òfin ti jò hàn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2004, àwọn onílàjà sọ pé kí NNPC, ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ti ìjọba Nàìjíríà, san ju mílíọ̀nù 152 dọ́là lọ fún ilé-iṣẹ́ IPCO lórí iṣẹ́ èbúté epo ní Bonny. NNPC ní kí ilé-ẹjọ́ ní Nàìjíríà wọ́gi lé e, IPCO ní kí ilé-ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù mú un ṣẹ. Nígbà tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ka kan nínú rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2017, ọdún méjìlá ti kọjá, bóyá kí NNPC kọ́kọ́ fi owó ìdánilójú sílẹ̀ sì ni wọ́n ṣì ń jiyàn lé lórí.

Ẹjọ́ tó wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni ti ilé-iṣẹ́ P&ID. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún 2010, ìjọba Nàìjíríà bá a ṣe àdéhùn ogún ọdún lórí gáàsì ní Calabar: ìjọba yóò fa gáàsì wá, P&ID yóò kọ́ ilé-iṣẹ́ tí yóò fọ̀ ọ́. Kò sí ọ̀kan tó ṣẹ. Ìwé náà sọ pé ìlànà òfin ìlàjà Nàìjíríà ni wọn yóò fi gbọ́ ẹjọ́, ṣùgbọ́n pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọn yóò ti gbọ́ ọ, láti inú gbólóhùn kékeré yìí sì ni àríyànjiyàn ti bẹ́ nípa ibùjókòó ìlàjà, èyí tí àwọn amòfin fi ń pe orílẹ̀-èdè tí ilé-ẹjọ́ rẹ̀ ní àṣẹ lórí ìpinnu. Àwọn onílàjà mẹ́ta gbọ́ ọ: Lord Hoffmann, Sir Anthony Evans, àti Olóyè Báyọ̀ Òjó tí Nàìjíríà yàn, ọkùnrin kan náà tó gbé ìgbìmọ̀ àtúnṣe kalẹ̀ ní 2005. Ní 2016, Ilé-ẹjọ́ Gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó wọ́gi lé ìpinnu wọn pé Nàìjíríà jẹ̀bi. Àwọn onílàjà sọ pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ibùjókòó, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2017, méjì nínú wọn sọ pé kí Nàìjíríà san nǹkan bí bílíọ̀nù 6.6 dọ́là, pẹ̀lú èlé ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Olóyè Òjó kò fara mọ́ iye náà. Nígbà tí èlé bá a dé 2023, ó ti ju bílíọ̀nù 11 lọ.

Òfin tuntun dé kí ẹjọ́ náà tó parí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ mẹ́ta kí Muhammadu Buhari tó fi ipò sílẹ̀, ó fọwọ́ sí Arbitration and Mediation Act, èyí tó fagi lé òfin 1988. Bọ́lá Ajíbọ́lá, tó wà nípò nígbà tí òfin àtijọ́ jáde, ti kú ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún náà, kò sì rí ìgbà tí wọ́n gbé òmíràn rọ́pò rẹ̀. Òfin 2023 yọ ìwà àìtọ́ kúrò. Ó dáhùn ẹjọ́ City Engineering tààrà, nítorí ó ní kí wọ́n yọ gbogbo àkókò láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlàjà dé ọjọ́ ìpinnu kúrò nínú kíkà gbèǹdéke. Níbi tí àwọn tó ń jà kò bá sọ iye onílàjà, ẹnìkan ni yóò jẹ́ báyìí dípò mẹ́ta, èyí tó dín owó kù fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré. Ó fàyè gba onílàjà pàjáwìrì, ó gbà kí ẹlòmíràn fi owó ṣe ìgbọ̀wọ́ fún ẹni tí kò lè náwó ẹjọ́, ohun tí òfin Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kà sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì fún ìpẹ̀tù-sáàwọ̀ ní ipò tirẹ̀ lábẹ́ òfin, gẹ́gẹ́ bí Àdéhùn Singapore tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2019 ti là á sílẹ̀.

Èyí tó jẹ́ tuntun jù nínú rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ àtúnyẹ̀wò. Bí àwọn tó ń ṣe àdéhùn bá fẹ́, wọ́n lè kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹni tí ìpinnu kò bá tẹ́ lọ́rùn lè gbé e lọ síwájú onílàjà mìíràn, tí yóò gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ láàárín ọjọ́ 60, kí wọ́n tó ronú kan ilé-ẹjọ́. Àwọn tó kọ òfin náà kò sọ pé àpẹẹrẹ ilé ni àwọn tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí ẹjọ́ ṣe ń ti ọ̀dọ̀ baálé bọ́ sí ọ̀dọ̀ ìjòyè yóò mọ àtẹ̀gùn náà nígbà tó bá rí i.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Adájọ́ Robin Knowles ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìdájọ́ kalẹ̀ nínú ẹjọ́ P&ID. Ó sọ pé wọ́n fún òṣìṣẹ́ òfin kan ní iléeṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀, pé wọ́n parọ́ níwájú àwọn onílàjà nípa bí àdéhùn náà ṣe wáyé, àti pé ìwé àṣírí tí Nàìjíríà àti àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ jọ ń kọ wà lọ́wọ́ P&ID nígbà tí ìgbẹ́jọ́ ń lọ. Jìbìtì ni wọ́n fi gba ìpinnu náà, nítorí náà kò lè dúró. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1996 ló fún un ní agbára yẹn. Ó jẹ́ ohun àràmàǹdà pé orílẹ̀-èdè tó lo ọ̀pọ̀ ọdún láti dín àyè tí adájọ́ ní lórí ìpinnu onílàjà kù rí ìgbàlà nípasẹ̀ àyè náà gan-an, ní ilé-ẹjọ́ ẹlòmíràn.

Òfin 2023 náà fi ilẹ̀kùn irú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ìpinnu tó bá ta ko ìlànà gbogboògbò ìlú. Ohun tó fi sí ìta ni ìlàjà ẹnu. Bí ti 1988, ó ní àdéhùn ìlàjà gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀, ì báà jẹ́ lórí bébà tàbí nínú lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, ẹni méjì tó gbé ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ tọ baálé lọ láìkọ ìwé kò sí lábẹ́ rẹ̀, àwọn ìbéèrè tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ là sílẹ̀ nínú ẹjọ́ Agu àti Ikewibe ni adájọ́ yóò sì tún gbé jáde láti mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ tí baálé náà sọ ti di wọ́n lọ́wọ́.